Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó fi owó ilé lé ájẹ́ńtì lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta?

Olùkọ́TuntunNíÌlú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n gbé iṣẹ́ mi kúrò ní Ìlọrin wá sí Abẹ́òkúta, mo sì ń wá ilé oníyàrá méjì fún èmi àti àwọn ọmọ mi. Ìdí-Abà ni mo fẹ́ jù, àmọ́ bí mo bá rí èyí tó dáa ní Aṣerò tàbí Ọbàntokò, mi ò ní kọ̀ ọ́. Ájẹ́ńtì kan ti mú mi lọ wo ọ̀kan. Ilé náà mọ́, fẹ́ǹsì yí i ká, ayálégbé mẹ́ta sì ti ń gbé inú ọgbà náà.

Ìṣirò owó tó fún mi ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Owó ilé ọdún kan jẹ́ 600,000 náírà. Kọmíṣọ́ọ̀nù tirẹ̀ 60,000, owó àgíríméǹtì 60,000, kọ́ṣọ̀n 50,000, fọ́ọ̀mù 5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 775,000. Ó ní àkáǹtì òun ni kí n san gbogbo rẹ̀ sí, kó má sì kọjá ọjọ́ Jímọ̀, nítorí ẹlòmíì ti ń fẹ́ ilé náà. Nígbà tí mo ní kó mú mi lọ rí lánlọ́ọ̀dù, ó ní Jámánì ló ń gbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Owó tí mo ti ń tọ́jú látọjọ́ yìí ni mo fẹ́ kó sílẹ̀ yìí.

ÌyáAládìrẹÌtòkú

Ẹ káàbọ̀ sí ìlú Ẹ̀gbá o, olùkọ́. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹni tó ń fi ọjọ́ Jímọ̀ lé yín léré kò fẹ́ kí ẹ ráyè béèrè ìbéèrè ni.

Àwọn tó mọ̀wé òfin á sọ ti ìwé. Ọ̀rọ̀ omi ni tèmi, torí pé èmi tí mò ń rẹ aró mọ ohun tí omi jẹ́. Orí àpáta ni ìlú wa wà. Àdúgbò wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbẹ́ kànga, àpáta ni wọ́n ń bá pàdé, omi tó bá sì jáde níbẹ̀ kì í pẹ́ tán. Kànga tó kún dẹ́nu lóṣù Keje lè gbẹ táútáú lóṣù Kejì. Ẹ má bi ájẹ́ńtì léèrè, torí kò sí ájẹ́ńtì tó máa sọ fún yín pé kò sómi. Ẹ wá obìnrin tó ń fọṣọ lẹ́yìn ilé náà, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ wá bi í pé: "Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, níbo lẹ ti ń pọnmi?" Bí wọ́n bá ní bóhóòlù wà, ẹ bi wọ́n ta ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ń fa omi nígbà tí kò bá síná, àti ta ló ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe bó bá bàjẹ́. Ilé tí ẹ ti ń ra omi ọlọ́kọ̀ lóṣooṣù, owó ilé rẹ̀ kì í ṣe 600,000 mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tó rọlẹ̀ pẹ̀lú. Lóṣù Keje ọdún 2018, òjò ńlá kan rọ̀ níbí, àgbàrá wọlé onílé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbẹ̀mí èèyàn. Ẹ̀gbẹ́ odò Sókorí àti ìsàlẹ̀ Láfẹ́ńwá létí Odò Ògùn, ẹ má gba ilé níbẹ̀ láìbi àwọn aládùúgbò bí omi ti ń ṣe wọ́n. Wọ́n lè fi ọ̀dà tuntun bo ara ògiri, àmọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ férémù ilẹ̀kùn. Igi tí omi ti mu rí kì í lè fara pamọ́.

Lọ́yàÌṣàbọ̀

Mo kí olùkọ́, mo sì kí Ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa mọ̀ ni pé ájẹ́ńtì kò ní ilé. Ẹni tí onílé rán níṣẹ́ ni, ibi tí iṣẹ́ tí wọ́n rán an bá sì mọ ni agbára rẹ̀ mọ. Bí onílé bá ní kó máa mú èèyàn wá wo ilé, ìyẹn kò sọ pé ó ní kó máa gba owó ilé. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ilé ẹjọ́ lè sọ fún ẹni tó sanwó fún ẹni tí kò láṣẹ láti gbà á pé kó lọ bá ẹni tó sanwó fún, onílé á sì tún ní kó san tòun. Nítorí náà, ẹ ní kí ájẹ́ńtì yìí fi lẹ́tà hàn yín, èyí tí onílé fọwọ́ sí, tó dárúkọ ilé náà, tó dárúkọ òun ájẹ́ńtì, tó sì sọ ọ́ kedere pé ó lè gba owó. Tí kò bá sí lẹ́tà, àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ onílé ni kí owó ilé lọ. Kọmíṣọ́ọ̀nù nìkan ni kó wọ àkáǹtì ájẹ́ńtì.

Ti Jámánì yẹn, irọ́ kọ́ ni gbogbo ìgbà. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó kọ́lé síbí tí wọ́n ń gbé lókè òkun pọ̀. Àmọ́ onílé tó wà lókè òkun kì í ṣaláìní ẹnì kan nílé: àbúrò, ìyàwó, lọ́yà, tàbí ẹni tó fún ní ìwé agbára láti máa ṣojú òun. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ẹni yẹn. Ẹ tún ní kí wọ́n pe onílé lórí WhatsApp, kí ẹ rójú rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ sọ iye owó ilé náà àti àkáǹtì tó fẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ bá àwọn ayálégbé mẹ́ta tó wà níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ta ni wọ́n ń san tiwọn fún. Bí orúkọ tí wọ́n dá bá yàtọ̀ sí èyí tí ájẹ́ńtì dá, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Rísíìtì: ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ yín, orúkọ onílé, àdírẹ́sì ilé, iye owó, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ọdún máa pé. Kí ti owó ilé yàtọ̀ sí ti kọmíṣọ́ọ̀nù. Rísíìtì tí wọ́n kàn kọ "mo gba 775,000" sí kò lè gbèjà yín lẹ́yìn ọ̀la.

Akẹ́kọ̀ọ́Alábàtà

Ẹ ṣeun sà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọnú eegun. Ìgbà tí a fẹ́ wọlé ní FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ àgbẹ̀ tó wà níbí, ọ̀rẹ́ mi kan sanwó yàrá kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Camp fún ájẹ́ńtì tó rí lórí WhatsApp. Nígbà tó kẹ́rù dé, ó bá àwọn méjì míì lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù tiwọn. Yàrá kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́ta ló ti sanwó rẹ̀. Wọ́n pe nọ́ńbà ẹni náà títí, kò wọlé mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó tọ̀nà jíjìn wá, bú sẹ́kún níbẹ̀, a sì ní láti wá ibi tó máa sùn fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tí a wá ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni pé kí wọ́n má fi fọ́tò gba ilé. Fọ́tò ilé tó wà ní Ìbàdàn ni wọ́n máa ń fi polówó ilé ní Ọbàntokò nígbà míì. Ẹ dé ibẹ̀, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn náà fúnra yín. Bí ájẹ́ńtì bá ń wo ojú fèrèsé pẹ̀lú yín, tó ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tó lọ sọ́jà, ẹ béèrè pé ta ni ẹni yẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá sì sanwó ni kí wọ́n kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún yín, kí ẹ pààrọ̀ ojú agádágodo kó tó di alẹ́.

Ájẹ́ńtìPanṣẹ́kẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ bí àwọn oníjìbìtì ti bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Olùkọ́, gbogbo ohun tí Lọ́yà sọ, ẹ ṣe é. Ájẹ́ńtì tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò ní bínú sí yín.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ yìí kì í tètè mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kọ́ ni onílé fún ní ilé náà. Onílé fún ẹnì kan, ẹni yẹn sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà gbé e sórí status, ẹlòmíì tún gbé e láti ibẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, a ti di mẹ́rin, oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ti ń wú. Ẹ bi í pé: "Ta ló fún ọ ní kọ́kọ́rọ́?" Bó bá ní ọ̀gá òun ni, ẹ ní kó mú yín dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yẹn. Ẹ jẹ́ kó yé wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé kọmíṣọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lẹ máa san, kí wọ́n lọ pín in láàárín ara wọn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn tó kàwé iṣẹ́ yìí wà, àwọn tí a ń pè ní estate surveyor. Ẹgbẹ́ wọn ni NIESV, ESVARBON sì ni àjọ ìjọba tó ń fún wọn níwèé àṣẹ láti ọdún 1975. Ẹ lè béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn. Àwa tó pọ̀ jù ní títì kò sí lára wọn, mi ò ní tan yín. Bí ẹnì kan bá fi ìwé CAC hàn yín, ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ó forúkọ òwò sílẹ̀. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ti owó fọ́ọ̀mù àti owó lílọ wo ilé, èmi náà ń gbà á, torí mò ń wọ ọ̀kadà, mo sì ń pa ọjọ́ mi. Ẹlòmíì á wo ilé mẹ́wàá, kò ní gba ìkankan. Ẹ má bá wa jà lórí ìyẹn.

OnílẹÌdíAbà

Ọmọ mi ájẹ́ńtì, o sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n a máa jà díẹ̀ lórí ìyẹn. Onílé ni mí, mo ti fẹ̀yìntì. Ẹni tó ń wá ilé tó ti san 5,000 fún ájẹ́ńtì márùn-ún láìtíì rí ibi tó máa gbé orí lé, ìyà ti jẹ ẹ́ jù. Bí o bá fẹ́ gba owó ọkọ̀, gba owó ọkọ̀, kí o sì yọ ọ́ kúrò nínú kọmíṣọ́ọ̀nù bó bá gba ilé náà. Ìyẹn ló tọ́.

Olùkọ́, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu onílé. Mo sọ fún ájẹ́ńtì kan nígbà kan pé 350,000 ni mo fẹ́ gba. Ó lọ gba 420,000 lọ́wọ́ ayálégbé, ó fún mi ní 350,000, ó sì tún gba kọmíṣọ́ọ̀nù lórí 420,000. Ọdún kejì ni mo mọ̀, nígbà tí ayálégbé náà mú 420,000 wá fún mi fúnra rẹ̀, tí mo ń bi í pé kí ni 70,000 tó lé wà fún. Àwa méjèèjì la jókòó tí a ń wo ojú ara wa. Látìgbà yẹn, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ilé mi láìjẹ́ pé mo bá a sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ iye owó lẹ́nu onílé fún àǹfààní àwa onílé pàápàá.

Ti kọ́ṣọ̀n, 50,000 yẹn ṣì jẹ́ owó yín. Owó ìdúró ni, bí ẹ bá kó jáde láìba nǹkan jẹ́, kí wọ́n dá a padà. Onílé burúkú pọ̀ tó máa ń jẹ ẹ́. Kí ẹ tó kó wọlé, ẹ ya fọ́tò gbogbo nǹkan: gíláàsì fèrèsé tó ti sán, táìlì tó ti fọ́, ẹ̀rọ omi tó ń jò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀.

ỌmọAkẹ́

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ni tèmi, torí ó pọ̀ ní ìlú yìí. Bàbá kú, ó fi ilé sílẹ̀, ó ní ìyàwó mẹ́ta. Ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ fún ájẹ́ńtì kan nílé náà, ọmọ ìyàwó kejì fún òmíì. Ẹ sanwó fún dàwódù, àbúrò rẹ̀ wá ní òṣù kẹta, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, ó sì fi agádágodo sí géètì. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ ní agbolé wa, àwọn ayálégbé ni ìyà jẹ, wọn ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ẹ béèrè bóyá ẹni tó kọ́ ilé náà ṣì wà láyé. Bó bá ti kú, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín, bóyá ìwé ìhágún tàbí ìwé tí ilé ẹjọ́ fún àwọn tó ń bójú tó ogún náà. Bí ẹbí ló ni ín, kí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ tó ṣe gbòógì jọ fọwọ́ sí àgíríméǹtì. Bí wọ́n bá ń ṣe àtẹnumọ́ pé "a ti jọ sọ ọ́ nínú ẹbí" láìsí ìwé, ẹ wá ilé mìíràn.

Olùkọ́TuntunNíÌlú

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo pè é, mo ní kó fún mi ní orúkọ onílé àti ẹni tó ń ṣojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé òun jọ olè. Nígbà tó yá, ó ní àbúrò onílé wà ní Ìbarà, òun á mú mi lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ti kọjá, ilé náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé dandan ni 60,000 àgíríméǹtì yẹn? Mo sì gbọ́ pé òfin kan wà tó ní kí wọ́n má gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ èèyàn, torí àbúrò onílé ti ń dá a lábàá.

Lọ́yàÌṣàbọ̀

Òfin tí ẹ gbọ́ yẹn, ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni, ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Ó ní kí wọ́n má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Kò dé Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ máa gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn níbí, àmọ́ ẹ má gbé e lọ bá onílé Abẹ́òkúta. Níbí, ẹ jọ fẹnu kò lé ọdún kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti àgíríméǹtì, 60,000 yẹn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé, jẹ́ àṣà ọjà, a sì lè dúnàádúrà lórí rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ta ni lọ́yà tó kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù tí ájẹ́ńtì lọ fọ́tòkọ́pì ní Kútọ̀ ni, kí wá ni 60,000 wà fún? Bí lọ́yà bá kọ ọ́ lóòótọ́, kí orúkọ àti sítáǹpù rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé lọ́yà onílé nìyẹn, onílé ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ibi tí mo fẹ́ kí ojú yín dúró sí nínú rẹ̀ ni ìwé ìkìlọ̀. Ní gbogbogbòò, ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ní kó jáde, ẹni tó ń san án lóṣooṣù ní oṣù kan. Àmọ́ àdéhùn lè gé e kúrú. Mo ti rí àgíríméǹtì tí wọ́n kọ "oṣù kan" sí fún ẹni tó san owó ọdún kan, kò sì kà á. Lẹ́yìn tí ìkìlọ̀ bá pé, onílé ṣì gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sílé ẹjọ́, kí ó tó lọ sílé ẹjọ́ lóòótọ́. Onílé tó bá yọ páànù orílé, tó gé iná, tàbí tó da ẹrù ayálégbé síta láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ pàṣẹ, ó ti rú òfin, ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ gbèsè dé.

OnínáÒkèMọ́sàn

Ẹ má gbàgbé iná o! Ẹ béèrè mítà. Ṣé ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní tirẹ̀, àbí ẹyọ kan ni wọ́n jọ ń lò? Tí wọ́n bá jọ ń lò ó, ìjà kò ní tán lórí ẹni tó ní fíríìsà. Bí mítà yín bá dá wà, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, kí wọ́n sọ bóyá ayálégbé tó jáde fi gbèsè sílẹ̀. Mítà tí gbèsè wà lórí rẹ̀, ẹ máa ra iná 5,000, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ti gbèsè. Ẹ béèrè báńdì, ìyẹn ìpele wákàtí iná, tí títì yẹn wà pẹ̀lú. Báńdì A ni wọ́n ní iná rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí ogún lójúmọ́, owó rẹ̀ sì fò sókè gan-an láti oṣù Kẹrin ọdún 2024. Owó oṣù olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń kojú.

Ájẹ́ńtìPanṣẹ́kẹ̀

Òótọ́ ni ti iná yẹn. Bàbá OnílẹÌdíAbà, mo ti ro ọ̀rọ̀ yín. Láti ìsinsìnyí lọ, màá máa yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú kọmíṣọ́ọ̀nù fún ẹni tó bá gba ilé.

OnílẹÌdíAbà

O káre, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ.

Olùkọ́TuntunNíÌlú

Ẹ̀yin ará, mo ti dé Ìbarà. Àbúrò onílé ní lẹ́tà lọ́wọ́, a pe onílé náà lójúkojú, ó sì dárúkọ iye tó fẹ́: 550,000 ni, kì í ṣe 600,000. Ájẹ́ńtì wa kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ayálégbé tó wà níbẹ̀ jẹ́rìí sí i pé àkáǹtì onílé yẹn gan-an ni wọ́n ń san tiwọn sí. Wọ́n gbà fún ọdún kan, wọ́n gé àgíríméǹtì sí 30,000. Mo ní màá san kọmíṣọ́ọ̀nù 55,000 fún ájẹ́ńtì, torí òun ló ṣáà mú mi dé ilé náà. Mítà kò ní gbèsè.

Ìyá Aládìrẹ, mo bi ìyá kan tó ń fọṣọ níbẹ̀. Ó ní omi bóhóòlù kì í gbẹ, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń fà á ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń pọnmi lójúlé kejì ni. Àbúrò onílé ṣèlérí pé òun á tún un ṣe. Ṣé kí n san án báyìí?

Lọ́yàÌṣàbọ̀

Ẹ má tíì san án. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àgíríméǹtì pé onílé ló máa tún ẹ̀rọ omi ṣe, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó máa parí, kí wọ́n sì kọ pé bí kò bá parí títí di ọjọ́ náà, ẹ lè tún un ṣe kí ẹ yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀. Àbúrò onílé á fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí kan á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ sanwó, kí ẹ gba rísíìtì méjèèjì àti kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ kan náà.

ÌyáAládìrẹÌtòkú

Ẹ sì tọ́ omi náà wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i o. Ẹ bu ti ojúlé kejì tí wọ́n ń pọn, ẹ fi ọṣẹ fọ nǹkan díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí kò bá hó, ẹ sọ fún mi, màá júwe ẹni tó ń gbé omi wá fún wa lọ́wọ́ pọ́ọ́kú.